Ọjọ́ Kan, Ẹgbẹ́ Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, Àgọ́ Ìsinmi tàbí Íntánẹ́ẹ̀tì? Bí A Ṣe Lè Yan Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àfikún fún Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Àkọlé ni ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá fẹ́ yan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfikún fún ọmọ: ṣé ti owó ni, ṣé ti kọ̀ǹpútà ni, àbí ti ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba? Àkọlé ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń pinnu ohun tí ọmọ yóò mú bọ̀ wálé. Ètò méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan jẹ́ àwíyé wákàtí 3 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn jókòó gbọ́, kí èkejì sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 tí olúkúlùkù wọn fi ń dìde sọ̀rọ̀, tí a sì ń tọ́ka ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún un. Ohun tí mo fi ń wọn irú ètò báyìí ni iye ìgbà tí ọmọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì lè tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn ìwọ̀n yòókù ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èyí ni wọ́n wà.

Ní àwọn ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé to ọgbọ́n ìgbé ayé 10 lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́: ṣíṣe ìpinnu, yíyanjú ìṣòro, ríronú lọ́nà tuntun, yíyẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á gbọ́, sísọ èrò ẹni kó yéni, bíbá ènìyàn gbé, mímọ ara ẹni, fífi ara ẹni sí ipò ẹlòmíràn, kíkó ìbínú àti ìbànújẹ́ níjàánu, àti fífarada ìdààmú ọkàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ọmọ lè fi etí nìkan kọ́. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò sí owó, kò sí róbọ́ọ̀tì, kò sì sí eré orí ìtàgé nínú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn jẹ́ pápá tí a ti ń lo ọgbọ́n mẹ́wàá náà, nítorí náà kò burú rárá bí ọmọ bá yan pápá tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, kódà bí òbí kò bá rí èrè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Lẹ́yìn iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lábẹ́ olùkọ́ kan ni kí ẹ béèrè. Bí ọmọ 60 bá wà nínú yàrá kan pẹ̀lú olùdarí kan ṣoṣo, àwíyé ni wọn yóò gbọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sórí ìwé ìpolówó. Ohun tó kàn ni iye owó gan-an, èyí tí ó ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ: owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ohun èlò, owó dátà tàbí ti ẹ̀rọ, àti àkókò àgbàlagbà tí yóò máa mú ọmọ lọ, tí yóò sì máa mú un bọ̀. Mo ti rí ètò ọ̀fẹ́ tó wọ́n ju ètò olówó lọ nítorí ọ̀nà rẹ̀ tó jìn.

Ìdúróṣinṣin ètò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè. Àwọn ọmọ mélòó ló bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó kọjá, mélòó ló parí? Bí olùkọ́ kò bá lè wá, ta ni yóò dúró nípò rẹ̀? Ṣé òbí lè jókòó wo ìpàdé kan kí ó tó sanwó? Olùdarí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè báyìí. Ààbò ọmọ náà wà lábẹ́ orí yìí: ètò tó dáa kì í jẹ́ kí àgbàlagbà kan ṣoṣo dá wà pẹ̀lú ọmọ. Ẹgbẹ́ Scout ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin pé àgbàlagbà tó forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní méjì níbi ìpàdé tàbí ìrìn àjò èyíkéyìí. Bí ètò kan kò bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, mi ò ní wo ohun mìíràn níbẹ̀.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, kí a má fi ṣe ìwọ̀n rárá, àyàfi níbi tí ìwé náà bá fúnni ní àṣẹ láti ṣe nǹkan. Ìwé ẹ̀rí pé ọmọ wá jókòó kò ju ìwé lọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan

Èyí ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti wọ inú sáà tó ti kún fún iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Àléébù rẹ̀ hàn kedere: ọmọ kò ní àyè láti ṣe nǹkan, kí ó kùnà, kí ó sùn lé e, kí ó tún padà wá ṣe é. Síbẹ̀, ìmọ̀ kan wà tó bá ọjọ́ kan mu dáadáa, ìtọ́jú pàjáwìrì sì ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró lọ́wọ́. Ọmọ yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère rọ́bà, yóò na ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbọnrangandan, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé èkejì ní agbedeméjì àyà ère náà, yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìwọ̀n ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30, yóò fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú 2 tó pé, òógùn á ti bo iwájú orí rẹ̀, apá rẹ̀ á sì ti máa rọ, nígbà náà ni yóò yé e ìdí tí wọ́n fi ní kí ènìyàn méjì máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ohun tí àwòrán inú ìwé kò lè kọ́ ọmọ rèé, kò sì ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ọwọ́ ni ó ń tètè gbàgbé: láàárín oṣù mélòó kan péré ni bí ènìyàn ṣe ń tẹ àyà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí tí American Heart Association, àjọ ìlera ọkàn ní Amẹ́ríkà, ń fúnni ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 2. Ẹni tó bá yan èyí gbọ́dọ̀ ṣètò àtúnṣe rẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀kọ́ nípa owó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kó àbájáde ìwádìí 201 jọ, wọ́n sì rí i pé ipa tí ẹ̀kọ́ owó ń ní lórí ìwà àwọn tó kọ́ ọ kéré jọjọ, àti pé kódà èyí tó gba ọ̀pọ̀ wákàtí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́ lẹ́yìn oṣù 20. Àkójọ mìíràn tó jáde ní ọdún 2022, tó gbé àdánwò 76 yẹ̀ wò, kò fara mọ́ wọn. Ó ní ẹ̀kọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo dì mú nínú àríyànjiyàn yìí ni àbá àwọn ti àkọ́kọ́, pé kí a máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ owó nígbà tí ènìyàn fẹ́ lò ó gan-an. Nítorí náà, ọjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ owó bá ọmọ tó fẹ́ ṣí àpò owó ní báńkì mu, tàbí èyí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù fún iṣẹ́ ìgbà ìsinmi, tàbí èyí tó ń palẹ̀ mọ́ láti fi ilé sílẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yóò fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò. Ìṣirò 72, fún àpẹẹrẹ, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: bí a bá fi èlé ọdọọdún pín 72, a ó mọ iye ọdún tí owó yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Owó ìfipamọ́ tó ń gba èlé 6 nínú 100 yóò lo ọdún 12, gbèsè tó ń jẹ èlé 24 nínú 100 kò ní ju nǹkan bí ọdún 3 lọ. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe méjèèjì lójúkojú yóò rí ohun tí àwíyé lórí ìwà ìṣọ́wóná kò lè fi hàn án.

Ọjọ́ kan tí mi ò ní ná kọ́bọ̀ lé lórí ni ti ọ̀rọ̀ ìwúrí, níbi tí gbajúmọ̀ kan yóò ti sọ ìtàn ara rẹ̀, tí àwọn ọmọ yóò pàtẹ́wọ́, tí gbogbo wọn yóò sì ya fọ́tò kí wọ́n tó tú ká.

Ẹgbẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́

Bí a bá fi ìwọ̀n àkọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, ẹgbẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló tẹ̀wọ̀n jù, nítorí pé ọmọ ń padà wá. Ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí Toastmasters, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ní gbangba, ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ ìpàdé 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gba wákàtí kan sí méjì, wọn kì í sì í gbà ju akẹ́kọ̀ọ́ 25 lọ. Bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ni mo fẹ́ràn níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ kan ń sọ̀rọ̀, ọmọ mìíràn ń ṣọ́ aago, òmíràn ń kọ èdè tó lò dáadáa àti èyí tó ṣì lò sílẹ̀, òmíràn ń ka iye ìgbà tó fi "ẹ̀n-ẹ́n" dí àlàfo. Lẹ́yìn náà, akẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dìde sọ ohun tó ṣe dáadáa àti ohun kan tí ó yẹ kó tún ṣe. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà pàápàá ń ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ kéré, nítorí yàrá, àga àti aago ni gbogbo ohun èlò rẹ̀, ewu rẹ̀ kan sì ni olùdarí tí ẹnu rẹ̀ kò gbà láti dákẹ́.

Ẹgbẹ́ okòwò jẹ́ irú kejì. Junior Achievement, àjọ tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní okòwò, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1919, ní ètò kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀: wọ́n á yan olórí, wọ́n á ta ìpín ìdókòòwò fún àwọn ènìyàn, wọ́n á ṣe ọjà, wọ́n á tà á, wọ́n á sì ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ìparí pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí gbogbo ẹni tó dáwó lè rí. Bí ọjà bá kùtà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ bò ó. Ètò yìí bá ọmọ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí kì í parí rẹ̀ mu ju bí òbí ṣe lè rò lọ, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é, owó àwọn ènìyàn sì wà lọ́wọ́ wọn.

Róbọ́ọ̀tì ló wọ́n jù nínú wọn. FIRST, àjọ ìdíje róbọ́ọ̀tì tí Dean Kamen dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ní ìdíje fún àwọn ọmọ kéékèèké títí dé ọmọ ọdún 18. Nínú ìdíje FIRST LEGO League, ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ péré ni róbọ́ọ̀tì fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń múra sílẹ̀ de ìṣẹ́jú yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: wáyà já, ètò kọ̀ǹpútà kọ̀, ẹni méjì kò fohùn ṣọ̀kan, ọjọ́ ìdíje sì ń bọ̀. Ẹ fi owó ohun èlò, owó ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìrìn àjò kún ìṣirò yín. Kí ẹ sì wo ẹgbẹ́ náà níbi iṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí pé kò ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe gba gbogbo rẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, tàbí kí àwọn bàbá jókòó ti róbọ́ọ̀tì tí àwọn ọmọ ń wòran.

Ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti máa ń kùnà ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé e ró. Bí wọ́n bá gbé olùkọ́ náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹgbẹ́ á fọ́.

Àgọ́ ìgbà ìsinmi

Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni, owó rẹ̀ máa ń wọ́n nítorí oúnjẹ àti ibùsùn, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò sí nínú ìwé ètò: bí a ṣe ń bá àjèjì sùn nínú yàrá kan, bí a ṣe ń fọ aṣọ ara ẹni. Àgọ́ tí Robert Baden-Powell pa ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907, èyí tí ẹgbẹ́ Scout ti jáde, fi ohun kan hàn tó ṣì wúlò fún yíyan àgọ́ lónìí. Ó pín àwọn ọmọkùnrin náà sí ìsọ̀rí mẹ́rin, ó sì fi ọmọ kan ṣe olórí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní ọmọ 200 ni yóò wà ní àgọ́, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín wọn, àti iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń darí. Ohun tí àgọ́ kò lè ṣe ni kí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ fún ìgbà pípẹ́, àyàfi bí nǹkan kan bá wà nílé tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Owó rẹ̀ lè má ju owó dátà lọ. Scratch, ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007, jẹ́ ọ̀fẹ́, ọmọ sì lè fi ṣe géèmù tirẹ̀ láìkọ ìlà kan nínú èdè kọ̀ǹpútà. Khan Academy, ojú òpó ẹ̀kọ́ bí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni píparí. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019 lórí àwọn ẹ̀kọ́ tí Harvard àti MIT gbé sórí edX, ojú òpó ẹ̀kọ́ yunifásítì, rí i pé nínú gbogbo àwọn tó wọlé ní ọdún 2017 sí 2018, nǹkan bí ẹni 3 nínú 100 ló parí. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú. Bí àgbàlagbà tó fúnra rẹ̀ yan ẹ̀kọ́ bá ń ṣe báyìí, ẹ má bá ọmọ ọdún 15 wí bí ó bá dá tirẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ bá a wá ẹnì kan tí yóò máa béèrè lọ́sẹ̀ pé, "Jẹ́ kí n rí èyí tí o ṣe." Ẹni náà kò ní láti mọ kọ̀ǹpútà.

Ètò àmì ẹ̀yẹ

Duke of Edinburgh's International Award bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1956, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 130. Ọ̀dọ́ tó ti pé ọdún 14 lè bẹ̀rẹ̀ ìpele idẹ, èyí tí kò lè kéré sí oṣù 6. Ti fàdákà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 15, ti wúrà ní ọdún 16. Ọmọ yóò fi nǹkan bí wákàtí kan lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ, yóò kọ́ ìmọ̀ kan tí ó wù ú, yóò máa ṣe eré ìdárayá, yóò sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò tí wọn yóò fúnra wọn ṣètò, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 2 àti òru kan ní ìpele idẹ. Ọmọ ló ń yan ohun tí yóò ṣe, àgbàlagbà kan sì ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ó lè jẹ́ gìtá tàbí iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ oníṣẹ́ àdúgbò, nítorí náà owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí ó bá yàn. Ó fẹ́ sùúrù, kò sì bá ọmọ tí kì í ṣe nǹkan àyàfi bí òbí bá fi ipá mú un mu.

Ta ni kó yan èwo?

Ọmọ tí ojú ń tì yẹ fún ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ kékeré, kì í ṣe àgọ́ ńlá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ aago. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tí ó wù ú kò nílò ètò oṣù 6. Ẹ jẹ́ kí ó tọ́ ọjọ́ kan lórí nǹkan mẹ́ta tí kò jọra wò, kí ẹ sì kíyè sí èyí tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ti dá lójú, tó ń jí lóru wá fídíò lórí róbọ́ọ̀tì, lè fi íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ kí a tó náwó lórí ẹgbẹ́ ìdíje. Ọmọ tí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ ṣe ju ìtọ́jú pàjáwìrì ọjọ́ kan lọ. Níbi tí owó kò bá sí, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwùjọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ń darí kò rẹlẹ̀ sí ètò olówó iyebíye, bí iye ọmọ kò bá ti pọ̀ jù.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní owó fún ohun kan ṣoṣo lọ́dún máa ń fẹ́ fi pe gbajúmọ̀ kan wá bá gbogbo ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò gbọ́. Kí wọ́n fi owó náà kọ́ olùkọ́ méjì dípò ọ̀kan ní bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá lọ, kí wọ́n sì fi ìyókù ra ère rọ́bà tí àwọn ọmọ yóò máa fi tún ìtọ́jú pàjáwìrì ṣe ní sáà kọ̀ọ̀kan.